Ṣé kí ilé-ìwé yọ iṣẹ́ ọnà kúrò nítorí ìdánwò? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùkọ́ Òkè-Ògùn béèrè:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ olùkọ́, mo kí yín o. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kan ní Òkè-Ògùn ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin. Láti ìgbà tí sáà yìí ti wọlé ni àwọn aláṣẹ wa ti ń sọ ọ́ pé kí a yọ àkókò tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà, orin àti eré, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí CCA (Cultural and Creative Arts), kúrò nínú àtẹ ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀, kí a fi kún ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ìdánwò ìwọlé sí ilé-ìwé girama ti ń kanlẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ kejì tó tún bá a rìn ni pé àwọn ọmọ kan kì í wá sí ilé-ìwé ní ọjọ́ ọdún ìbílẹ̀, àwọn òbí mìíràn sì ń bínú pé ilé-ìwé kò bá wọn wí. Ìpàdé òbí àti olùkọ́ ń bọ̀ lọ́nà, èmi ni wọ́n sì ní kí n gbẹnu sọ fún àwọn tó fẹ́ kí CCA dúró.

Mi ò fẹ́ lọ síbẹ̀ lọ máa sọ pé àṣà wa kò gbọ́dọ̀ parun, kí gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́, kí wọ́n sì dìbò lòdì sí mi. Òbí tó ń fi òógùn ojú san owó ilé-ìwé yóò béèrè pé kí ni ọmọ òun yóò rí gbà níbẹ̀, ìbéèrè rẹ̀ sì tọ̀nà. Bí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ṣe ń ṣe CCA lọ́wọ́lọ́wọ́ kò sì ràn wá lọ́wọ́. Tí sáà bá ti ń parí, wọn a ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú iṣẹ́ ọwọ́ wá: ìgbálẹ̀, ẹní, apẹ̀rẹ̀ tàbí ohun ìnusẹ̀. Ìyá ọmọ a gba ọjà lọ, a ra ìgbálẹ̀, ọmọ a gbé e wá, olùkọ́ a fún un ní máàkì, wọn a sì kó gbogbo rẹ̀ jọ sí yàrá ìkẹ́rùsí. Mo rí ìgbálẹ̀ tí àwọn ọmọ méjì tí kì í ṣe ará ilé kan náà mú wá, àkísà ańkárá kan náà ni wọ́n fi so ìdí àwọn méjèèjì. Ìyá alátẹ tó tà á fún wọn ni ó yẹ kí a fún ní máàkì.

Ohun tí mo ń béèrè ni pé, níbo ni ẹ ti rí i pé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà, tàbí ọdún tí gbogbo ìlú ń ṣe pọ̀, so èso gidi lára ọmọdé àti láàárín ìlú? Kí ni ó wà níbẹ̀ tí kò sí ní ọ̀dọ̀ tiwa? Báwo ni ẹ sì ṣe ń bá òbí tó ń bẹ̀rù pé ẹ fẹ́ fa ọmọ òun wọ inú ẹ̀sìn mìíràn sọ̀rọ̀?

Ọmọ Aláró Òṣogbo fèsì:

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbálẹ̀ tí ẹ sọ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kò sí ẹni tó ń dúró dè é. Bí ọmọ bá dì í dáadáa tàbí kò dì í dáadáa, kò sí ilẹ̀ tí wọn yóò fi gbá, kò sì sí ẹni tí yóò dá a padà fún un pé ó ń tú. Ní agbo-ilé aláró tí wọ́n bí mi sí, kò sí iṣẹ́ ọmọdé tí kò ní ẹni tó ń retí rẹ̀.

Láfún ni a fi ń ro ẹ̀kọ tí a fi ń ya adìrẹ ẹlẹ́kọ, a ó sì fi áláọ̀mù díẹ̀ sí i. Ọmọdé kì í kọ́kọ́ mú ìyẹ́ adìẹ tí a fi ń fa ìlà. Aṣọ pípín ni wọ́n ń fún un: a ó ṣẹ́ aṣọ po sí méjì, a ó tún un ṣẹ́ sí mẹ́rin, títí ojú rẹ̀ yóò fi pín sí àwọn ilé onígun mẹ́rin tó dọ́gba, nítorí pé inú àwọn ilé wọ̀nyẹn ni àwòrán Ìbàdàn Dùn tàbí ti Olókun yóò jókòó sí. Bí ọmọ bá pín in ní wíwọ́, wíwọ́ náà ni yóò hàn lójú aṣọ títí aṣọ yóò fi gbó. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn yóò fún un ní okùn kí ó fi máa so òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ aṣọ fún adìrẹ oníko. Bí ó bá so ó dẹ̀, aró yóò wọ ibi tó yẹ kí ó wà ní funfun, oníbàárà yóò sì fi ìka tọ́ ibẹ̀ nígbà tó bá ń ná an. Mo ti rí ìyá kan tó tú ìdì tí ọmọ rẹ̀ so palẹ̀, tí kò sọ̀rọ̀ kankan, tó kàn na okùn padà sí i. Ọmọ náà mọ ohun tí ó ń sọ.

Ẹ má gbàgbé pé ní Òṣogbo kan náà ni Dúró Ládipọ̀ àti Ulli Beier ti dá Mbárí Mbáyọ̀, ibùdó àwọn òṣèré àti ọlọ́nà, sílẹ̀ ní ọdún 1962. Ẹ wo irú àwọn tó di ayàwòrán níbẹ̀. Jimoh Buraimoh ni ó ń bójú tó iná orí ìtàgé fún ẹgbẹ́ òṣèré Ládipọ̀. Òṣèré àti onílù ni Muraina Oyelami. Ijó ni Twins Seven Seven bá wọlé. Nígbà tí Georgina Beier kó àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí jọ ní ọdún 1964, ó fún wọn ní àwọ̀ àti ohun èlò, kò sì ní kí wọ́n máa da àwòrán òyìnbó kọ. Buraimoh di ẹni tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán, Oyelami dé Yunifásítì Ifẹ̀ níbi tó ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlù, Twins Seven Seven sì ni UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, fi jẹ oyè Ọlọ́nà fún Àlàáfíà (Artist for Peace) ní ọdún 2005. Lóòótọ́, wọn kì í ṣe ọmọ kíláàsì kẹrin. Àmọ́ eré tí ará ìlú ń wá wò lálẹ́ ni ó ti wà nílẹ̀ kí àwòrán yíyà tó dé. Inú iṣẹ́ tó ti ní èrò ni ẹ̀kọ́ náà bọ́ sí.

Ti ọdún Ọ̀ṣun ńkọ́? Àwọn àlejò a máa wo ọ̀pọ̀ èrò àti odò. Èmi a máa wo Arugbá. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti ìdílé ọba ni ó ń ru igbá lọ sí ojúbọ ní oṣù Ògọ́sìtì, tí Àtáọ́ja, àwọn ìjòyè àti ẹgbàágbèje èrò ń tẹ̀lé e, tí gbogbo ojú sì wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó má baà kọsẹ̀. Ẹ bá mi wá ilé-ìwé tó ń gbé irú iṣẹ́ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ lé ọmọ lórí, kí gbogbo àgbà ìlú sì dúró ti ọmọ náà kí ó lè ṣe é yanjú.

Ọmọ Onílù fèsì:

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin ará. Oyin tí ẹ ń dà sórí ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ jù.

Ilé Àyàn ni wọ́n bí mi sí, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Omele ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé lé ọmọ lọ́wọ́, ìlù kan náà ni yóò sì máa lù fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò gbọdọ̀ yẹ̀, kò gbọdọ̀ yára ju ìyáàlù lọ, kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ẹ̀kọ́ ni lóòótọ́. Etí mi jí, ọwọ́ mi sì yá. Ṣùgbọ́n òde kì í mọ ọjọ́ ilé-ìwé. Bí ìsìnkú bá wà ní Ọjọ́bọ̀ ní ìlú mìíràn, gbogbo ilé ni yóò ṣí lọ, ọmọ tó ń lu omele ni yóò sì kọ́kọ́ gun ọkọ̀, nítorí pé ìlù kò lè pé láìsí i. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ọba pàápàá mọ ọwọ́ ìlù rẹ̀, ẹlòmíràn ni ó ń bá a kọ fọ́ọ̀mù ní báńkì. Kò sí ẹni tó fẹ́ ibi fún un, ọdún àti òde ìlú kàn gba ìgbà èwe rẹ̀ ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìyá tó dàgbà nídìí ìkòkò aró bóyá wọ́n gbà wọ́n láàyè láti parí ìwé mẹ́fà.

Nítorí náà, nígbà tí òbí bá ní òun kò fẹ́ kí ọmọ òun pa ilé-ìwé jẹ nítorí ọdún, ẹ má ṣe pè é ní ẹni tí òyìnbó ti bàjẹ́. Ó lè jẹ́ pé ó ti rí ohun tí mo rí.

Mùsùlùmí ni mí, ìlù kò sì sọ mí di nǹkan mìíràn. Síbẹ̀, mo mọ òbí tí yóò gbọ́ orúkọ òrìṣà nínú orin tí ọmọ rẹ̀ kọ wálé, tí yóò sì mú ọmọ náà kúrò ní ilé-ìwé yín ní ọjọ́ kejì. Bí ẹ kò bá ní èsì gidi fún òbí yẹn, ẹ má tíì lọ sí ìpàdé.

Ará Kétu fèsì:

Mo kí gbogbo ilé. Apá Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mo ti ń kọ̀wé, mo sì fẹ́ dá Ọmọ Onílù lóhùn, nítorí pé ohun tó sọ kò ṣeé fọwọ́ rọ́ tì sẹ́yìn. Àwọn iṣẹ́ ọnà ìlú kò rí bákan náà. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun yàtọ̀ sí èyí tí ìlú pa pọ̀ ṣe nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, nígbà tí ìkórè bá ti parí tí òjò tuntun kò sì tíì mú iṣẹ́ oko le ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ijó tí a ń gbé ère sórí jó, sábà máa ń jáde, kì í gbéni kiri láti ìlú dé ìlú ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí i, ẹ̀fẹ̀ ni ti òru, ijó ni ti ọ̀sán. Tí ijó ọ̀sán bá bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọdé ni wọ́n ń kọ́kọ́ jáde. Ère orí wọn lè jẹ́ èyí tó ti gbó tàbí èyí tó tóbi jù, tí wọ́n fi gèlè fún mọ́ wọn lórí kí ó má baà yẹ̀. Irin wà ní ọrùn ẹsẹ̀ wọn, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Onílù yóò fi ìlù sọ gbólóhùn kan, ẹsẹ̀ oníjó yóò sì tẹ gbólóhùn náà jáde lórí ilẹ̀, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, kí àwọn méjèèjì sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí irin ẹsẹ̀ bá ṣì ń dún nígbà tí ìlù ti dákẹ́, gbogbo ọjà ti gbọ́ ọ. Ọmọdé sábà máa ń ṣì í. Àgbà kan a wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń fi ọwọ́ darí rẹ̀, àwọn èrò a sì hó yèè, wọn a gbóríyìn fún un bí ẹni pé kò ṣì í rárá. Bí ọ̀sán bá ṣe ń rọ̀ ni àwọn tó ń jáde ń dàgbà sí i tí ìdájọ́ àwọn èrò sì ń le sí i. Ohun tí wọ́n fi ọwọ́ bò fún ọmọ, wọn kò ní fi bò fún ọ̀dọ́mọkùnrin; bí ti àgbà kò bá dọ́gba pẹ̀lú ìlù, a gbọ́ ẹ̀rín.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ètò yìí fún ọmọ. Ó mọ̀ pé wọ́n ń fojú fo àṣìṣe òun nítorí pé òun kéré, ó sì ń wo àwọn tó ṣáájú òun níbi tí ojú kò ti fò ó mọ́. Kò sí ẹni tó ní láti sọ fún un pé kí ó máa dánra wò. Àwọn ọmọ wa ń fi korobá àti páànù dánra wò lẹ́yìn ilé ní gbogbo oṣù tó ṣáájú, kódà àwọn tí kò ní jó rárá.

Ní ti ẹ̀sìn, mi ò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò ní í ṣe pẹ̀lú ìbọ. Àwọn ìyá wa ni a fi ń bọ̀wọ̀ fún, gbogbo ènìyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tí àwọn agbẹ́gilére ń gbẹ́ sórí ère náà: Mùsùlùmí tó wé láwàní, télọ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ọlọ́pàá, ẹni tó gun alùpùpù. Gbogbo ìlú ni wọ́n gbé sórí, olúkúlùkù ẹni tó wá wòran ń rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí UNESCO sì kéde rẹ̀ ní ọdún 2001 ní ogún fún gbogbo ayé, Benin, Nàìjíríà àti Togo ni wọ́n jọ ní in. Ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran, wọ́n ní. Èmi kò sọ pé kí ilé-ìwé yín máa jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ o. Bí wọ́n ṣe ń fi ọmọ ṣáájú, tí wọ́n sì ń ti ìdájọ́ sẹ́yìn, ni mo fẹ́ kí ẹ yá lò.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì fèsì:

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn yìí, nítorí òun ni yóò da ìpàdé rú.

Òbí tó bá jẹ́ onígbàgbọ́ tàbí Mùsùlùmí, ẹ má fi ọ̀rọ̀ àṣà bá a jà. Ẹ sọ ìtàn Lámídì Fákẹ́yẹ fún un. Ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni, ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí, Mùsùlùmí sì ni. Ní ọdún 1947, àwọn àlùfáà ìjọ Kátólíìkì, tí Kevin Carroll jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, wọ́n sì mú Bámidélé tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bándélé, ọmọ Aréògún ará Òsì, wá síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Abẹ́ Bándélé ni Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń gbẹ́, àwọn amòye tó wá kí Jésù ọmọ tuntun sì gba ìrísí ọba Yorùbá. Ọmọ Mùsùlùmí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ agbẹ́gilére òrìṣà nínú ọgbà àwọn fádà, Fákẹ́yẹ kò sì fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí èyí. Ọwọ́ Fákẹ́yẹ yìí kan náà ni ó gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní gbọ̀ngàn Odùduwà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ lè fi kún un pé àríyànjiyàn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà ìjọba amúnisìn, ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò ni ilé-ìwé wà fún. Ainá Onábólù, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ti ń ya àwòrán fúnra rẹ̀ kí ó tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1920. Nígbà tó padà dé ní 1922, ó ń lọ láti ilé-ìwé kan sí òmíràn ní Èkó láti kọ́ àwọn ọmọ, ó sì ń rọ ìjọba títí wọ́n fi mú Kenneth Murray, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ní 1927. Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ yọ kúrò yìí, ẹnìkan rìn kí ó tó wọ inú àtẹ ẹ̀kọ́.

Ní ti ìdánwò, ẹ rántí iṣẹ́ ìwádìí tí Bàbá Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára wọn. Àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn nínú ìdánwò, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn òbí ń bẹ̀rù fún. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà gan-an, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kan náà ni, pé ohun tó bá jẹ́ tilé yóò gba àyè ìwé. Ẹ má kàn sọ pé àwòrán yíyà ń jẹ́ kí ọmọ mọ ìṣirò o. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ olùkọ́, òbí tó gbọ́n yóò sì dáhùn pé kí ẹ kúkú kọ́ ọmọ òun ní ìṣirò.

Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ ya ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìjọsìn ní kedere, kí ẹ sì kọ orin àti ìtàn tí ẹ fẹ́ lò ránṣẹ́ sí àwọn òbí kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọn kò bá fẹ́, ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Àlọ́ ìjàpá pọ̀ nílẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, orin inú wọn kò sì ní ẹni tí yóò bínú sí i. Ní ti ọjọ́ ọdún, mo wà lẹ́yìn Ọmọ Onílù: ọmọ kò gbọdọ̀ pa ilé-ìwé jẹ láìgbàṣẹ. Àmọ́ ilé-ìwé tó ń gba ìsinmi fún Kérésì àti Iléyá kò lè ṣe bí ẹni pé kò mọ ọjọ́ ọdún ìlú tó wà nínú rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Bàhíà fèsì:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bàhíà ní Brazil, ibi tí iṣẹ́ gbé mi dé, àwọn ènìyàn ń bá ìbéèrè yín yìí yí láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà dáhùn rẹ̀ yóò ya ẹ̀yin ará ilé lẹ́nu.

Ilé òrìṣà kan wà níbí tí wọ́n ń pè ní Ilê Axé Opô Afonjá, tí ìyálórìṣà Eugênia Anna dos Santos dá sílẹ̀ ní ọdún 1910. Inú ọgbà ilé náà ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ilé-ìwé ìjọba ìlú ni, àwọn ọmọ àdúgbò ni wọ́n ń lọ síbẹ̀, kì í ṣe ọmọ ilé òrìṣà nìkan. Ìtàn àwọn òrìṣà ni àwọn olùkọ́ ibẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, bí a ṣe ń fi àlọ́ ìjàpá kọ́ ọmọ nílé. Ní àdúgbò Liberdade ẹ̀wẹ̀, ẹgbẹ́ Ilê Aiyê, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1974 láti máa jáde nígbà ayẹyẹ Kánífáálì, kò fi mọ sí ijó ìgboro. Ìyálórìṣà Mãe Hilda bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé fún àwọn ọmọdé nínú ilé òrìṣà tirẹ̀ ní ọdún 1988, ẹgbẹ́ náà sì dá ẹgbẹ́ onílù ọmọdé sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Òfin orílẹ̀-èdè tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2003 ti wá sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ilé-ìwé kọ́ ọmọ ní ìtàn àti àṣà àwọn ọmọ Áfíríkà àti ti àwọn aláwọ̀ dúdú Brazil.

Ọmọ Onílù, ẹ dákun, ẹ wo bí àyíká ṣe ń yí ọ̀rọ̀ padà. Ìlù ni ó gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín. Níbí, àwọn tó ni ìlù fúnra wọn ni wọ́n kọ́ ilé-ìwé sí ẹ̀gbẹ́ ìlù, nítorí pé ilé-ìwé ìgboro ti ń sọ fún ọmọ dúdú láti ọjọ́ pípẹ́ pé kò sí ohun tó dára tó ti ilé rẹ̀ wá. Ilé òrìṣà kò retí kí ọmọ yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Bí àwọn agbo-ilé Àyàn yín náà bá lè sọ pé omele kò ní jáde ní ọjọ́ ilé-ìwé, ta ni yóò jẹ wọ́n níyà?

Ọmọ Onílù tún fèsì:

Ẹni tó san àsansílẹ̀ fún òde ni yóò jẹ wọ́n níyà. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ yín.

Olùkọ́ Òkè-Ògùn padà wá:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti kọ ohun tí n óò gbé lọ sílẹ̀, ó sì ti yàtọ̀ sí èyí tí mo ní lọ́kàn kí n tó béèrè.

N óò ní kí a fi òpin sí iṣẹ́ ọwọ́ àmúwá. Dípò rẹ̀, kí àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin àti karùn-ún di adìrẹ oníko tí àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà yóò wọ̀ ní ọjọ́ ìdágbére wọn. Ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ wà nílẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ ti wà lórí kàlẹ́ńdà, àwọn òbí yóò sì jókòó síbẹ̀ tí wọn yóò rí ibi tí okùn ti dẹ̀. Ní ọjọ́ kan náà, kí àwọn ọmọ tó kéré jù kọ́kọ́ jáde láti pàlọ́ àti láti kọ orin rẹ̀, kí àwọn àgbà ọmọ wá kẹ́yìn pẹ̀lú eré, bí Ará Kétu ṣe wí, kí a sì má fún àwọn kékeré ní máàkì kankan. Gbogbo rẹ̀ yóò wà láàárín àkókò CCA tó wà tẹ́lẹ̀, a kò ní gba ìṣẹ́jú kan lọ́wọ́ ìṣirò. N óò fi àwọn orin náà ránṣẹ́ sí àwọn òbí kí ìpàdé tó pé.

Ní ti ọjọ́ ọdún, n óò dábàá pé kí ilé-ìwé béèrè ọjọ́ náà lọ́wọ́ ààfin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí a fi sínú kàlẹ́ńdà gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìsinmi. Ẹni tó bá fẹ́ lọ wòran, kí ó lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́, kí ó jókòó sílé. Ọjọ́ tó kù, kí gbogbo ọmọ wá. Bóyá òbí méjèèjì tó ń jà yóò gbà, mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò lè sọ pé a gbè sẹ́yìn ẹnì kejì rẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù, ọ̀dọ̀ Ọmọ Aláró ni ó sì ń lọ: ṣé àwọn ọmọ lè rẹ aṣọ náà fúnra wọn nínú ọgbà ilé-ìwé?

Ọmọ Aláró Òṣogbo tún fèsì:

Rárá o, ẹ má dán an wò. Aró ewé ẹ̀lú ti ayé àtijọ́ gba ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó mú, ẹ kò ní ráyè fún un láàárín sáà. Èyí tí a ń lò nísinsìnyí, kọ́sítíìkì sódà wà nínú rẹ̀, ó máa ń bó àwọ̀ ara, ooru rẹ̀ kò sì dára fún ojú. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ so ó, kí wọ́n sì fi okùn aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sàmì sí ìdí tiwọn kí olúkúlùkù lè mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ wá àgbà aláró kan tó ní ìbọ̀wọ́ rọ́bà kí ó bá yín rì í, kí àwọn ọmọ dúró sí ọ̀ọ́kán, kí atẹ́gùn sì máa fẹ́ láti ọ̀dọ̀ wọn lọ sí ibi ìkòkò. Tí ẹ bá ti fi omi tó pọ̀ ṣàn án dáadáa, tí ó sì ti gbẹ, ẹ lè kó o padà fún wọn kí wọ́n tú u fúnra wọn. Ẹ ra aṣọ òwú gidi, tẹ́tírọ́ọ̀nù kò ní gba aró. Ẹ sì fún wọn ní abala aṣọ kékeré kọ̀ọ̀kan láti fi dánra wò, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ti àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà.